Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Kámẹ́rà Wá sí Ojú Irin

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣàn wá bá mi nílé mi lẹ́bàá Bẹẹrẹ láìpẹ́ yìí. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí mi, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ètò kan tí kò ní ní òṣèré kankan nínú. Wọn yóò kàn máa gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè gidi kiri lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn ènìyàn lè jókòó sílé wọn, kí wọ́n máa wo bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Ìyá, ṣé ẹ rò pé yóò dùn ún wò?"

Mo ní kó jókòó, mo ní kí wọ́n bu omi fún un. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí pé bí mo bá la ẹnu, èébú ni ì bá kọ́kọ́ jáde, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ mí. Mo wá jókòó báyìí láti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, fún un àti fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. N kò ní ọ̀gá tí mo ń bẹ̀rù mọ́. Nínú àwọn tí mo fẹ́ bá wí, àwọn kan ti kú, àwọn kan ṣì ń jókòó sí àga iwájú níbi ìpàdé. Àwọn ọmọ wọn mọ̀wé. Kí wọ́n kà á fún wọn.

Ìdí Arẹrẹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń rán fìlà. Òun ló rán mi lọ sí iléèwé nígbà tí gbogbo ẹbí ń sọ fún un pé ọmọbìnrin tó bá ka ìwé jù, ọkọ ni yóò máa wá kiri. Mo ka ìwé náà títí, mo sì jáde pẹ̀lú èsì tó dára. Bí mo ṣe dé rélùwéè kò gùn: wọ́n ń wá akọ̀wé, mo ṣe ìdánwò, mo yege. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ibùdókọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n gbé mi lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n ojú mi kì í kúrò lára ẹ̀rọ pupa kan tó dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá ọ̀gá wa, tó ní aago lórí. Ọ̀gá Làmídì ni wọ́n ń pe ọ̀gá ibùdókọ̀ náà. Ó ga, ó gbẹ, aṣọ rẹ̀ máa ń le gan-an nítorí sítáàṣì, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí ọkọ̀ bá wà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà lójú ọ̀nà nígbà gbogbo.

Ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń wo ẹ̀rọ náà.

"Kí lò ń wò?"

"Ẹ̀rọ yẹn ni, sà."

"Ṣé o fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, àbí o kàn ń fojú jẹ ẹ́?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, sà."

"Lọ mú àkísà wá. Nu ún."

Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo nu ẹ̀rọ náà fún oṣù púpọ̀ kí ó tó jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń sọ níwájú. Ojú irin wa kì í ṣe méjì, tí ọkọ̀ kan yóò gba ọ̀tún tí òmíràn yóò gba òsì. Ẹyọ kan ni. Èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, orí irin kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, ibùdókọ̀ nìkan ni wọ́n sì ti lè yà fún ara wọn. Awakọ̀ mọ́tò lè yà fún ewúrẹ́. Awakọ̀ ojú irin kò lè yà fún ìyá tó bí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe tókìn. Irin kékeré ni, wọ́n gbẹ́ orúkọ ibùdókọ̀ méjì sí i lára, inú ẹ̀rọ pupa yẹn ló sì ń gbé. Bí ẹyọ kan bá ti jáde láàárín ibùdókọ̀ méjì, ẹ̀rọ méjèèjì yóò tì pa. Kò sí ẹni tó lè yọ òmíràn títí ti àkọ́kọ́ yóò fi padà sílé. Awakọ̀ tí kò bá ní tókìn ọ̀nà iwájú rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣí ẹsẹ̀ kúrò. Inú àpò awọ kan la ń fi í sí, àpò náà so mọ́ òrùka irin ńlá, kí awakọ̀ lè na apá gbà á bí ọkọ̀ bá ń rọra kọjá. Bó ti ń gba ti iwájú, ni yóò máa ju ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wa.

"Kà á," ni Ọ̀gá Làmídì máa ń wí bí mo bá mú tókìn lọ́wọ́.

"Mo ti rí i, sà."

"N kò ní kí o rí i. Ojú ń purọ́. Kà á sókè kí etí rẹ gbọ́."

Mo ń bínú nítorí ìwé tí mo kà. Èmi tí mo ka ìwé títí dé òpin, ni wọ́n ń ní kí n máa pe orúkọ ìlú méjì bí ọmọ jẹ́léósinmi! Mo kà á títí ó fi di àlá lójú mi. Ó tún gba àga lábẹ́ mi. Gbogbo àsìkò òjò kan, ìdúró ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí irin tí a fi ń fa sígínà, apá orí òpó tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó dúró bó bá nà, pé kó máa lọ bó bá wálẹ̀. "Ẹni tó bá jókòó, ilé rẹ̀ ló ń rò," ni ó wí. "Ẹni tó bá dúró ló ń ro ọkọ̀." Bí mo bá jẹun tí mo kọ ẹ̀yìn sí ojú irin, yóò yí àwo náà padà sí apá kejì tábìlì láìsọ̀rọ̀, èmi náà yóò sì yí tẹ̀lé e.

Ìyá kan ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí Ràbí, ọ̀gá yín yìí, bí máláíkà bá sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, yóò ní kó padà lọ gba tókìn wá." A máa ń rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ọjọ́ tó fa irin sígínà lé mi lọ́wọ́ tó sì jáde kúrò nínú yàrá láìwo ẹ̀yìn, mo mọ̀ pé kò sí ìwé ẹ̀rí tó tó ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ sí mi yẹn. Mo ń pè é ní bàbá mi kejì. Ẹ rántí bí mo ti wí i.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àwọn ẹ̀ńjìnì tó ń jẹ èédú ṣì wà. Àwọn awakọ̀ wọn máa ń dé bí ẹni tó sùn sínú àdògán. Díẹ̀díẹ̀ ni èyí tó ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì gba ipò wọn. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù sí i ni Gàníyù, ọmọ Bẹ́yẹrúnkà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gun ẹ̀ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀wù funfun ló wọ̀, ó sì na orí síta bí ó ti ń wọlé, ó ń bá mi ṣeré.

"Ìyàwó mi Sígínà, ṣé o rí mi báyìí? Ṣé o mọ̀ pé mo pupa?"

"Èédú ló bo ẹwà yín mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí, Dírẹ́bà!"

"Sọ fún àwọn ará Ọjà'ba o! Kí wọ́n má wulẹ̀ máa pè mí ní dúdú mọ́."

Ìyá rẹ̀ wà láyé, ìyàwó rẹ̀ ń ta ilá àti ata gbígbẹ l'Ọ́jà'ba, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í fò wọlé. Ṣe ló ń yọ́ wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ó wá ku Ìnsípẹ́kítọ̀ Bánkọ́lé. Òun ló ń bójú tó ibùdókọ̀ wa àti àwọn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀rọ̀ sọ, ìṣọwọ́wọṣọ rẹ̀ dára, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò tí ẹ kò ní bá a níwájú. Nígbà tí mo bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà ṣe ìdánwò ọ̀gá ibùdókọ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Mísì Ràbí, bí o bá dé fìlà ọ̀gá, ibo lo fẹ́ kó irun rẹ sí?" Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ṣì mọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan wọn.

Òun ló mú ilé tẹlifíṣàn wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han aráyé bí rélùwéè ti ń ṣiṣẹ́, pé ká má ṣe ohunkóhun tó yàtọ̀, ká máa ṣe bí a ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀dọ́kùnrin onírùngbọ̀n kan ló ń darí wọn. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń yà wá, ó sì ti ń sú wọn, nítorí pé ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé ká dúró. A dúró, a wo ẹ̀rọ, aago dún, a dáhùn, a tún dúró. Onírùngbọ̀n ń yán.

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ èrò tí Gàníyù ń wà wọlé. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan ń bọ̀ láti òdìkejì. Ibùdókọ̀ tó wà níwájú ti bèèrè ọ̀nà fún akẹ́rù náà, Ọ̀gá Làmídì ti fún wọn, wọ́n sì ti yọ tókìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Nítorí náà, Gàníyù gbọ́dọ̀ dúró lọ́dọ̀ wa títí akẹ́rù yóò fi dé. Ó ti ju òrùka tó mú bọ̀ sílẹ̀, èyí tí tókìn ọ̀nà ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Làmídì ń gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ dá a dúró.

"Bàbá, ẹ má tíì dá ìyẹn padà. Òun la ó fi ya àwòrán. Èmi ni n ó gbé e fún Dírẹ́bà."

"Ìnsípẹ́kítọ̀, sà, òfin ní bó bá ti dé—"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi lófin ni?"

Ọ̀gá Làmídì wo tókìn, ó wo kámẹ́rà. Ó gbé òrùka náà fún un.

Wọ́n ní kí Gàníyù fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kó wá rọra kọjá, kí Ìnsípẹ́kítọ̀ na òrùka sí i, kó gbà á, kó sì dúró nídìí òpó sígínà. Ó ṣe é. Onírùngbọ̀n ní ojú kámẹ́rà ló ń wò, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, èrò kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ń pariwo pé, "Ẹ bá mi kí ìyá mi l'Ọ́jà'ba o! Mo ti wọ tẹlifíṣàn!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, Onírùngbọ̀n gbójú sókè, ó rí apá sígínà tó nà gbọọrọ, tó ń sọ pé kò sí ọ̀nà. Ó ní kò bójú mu, pé kí ó wálẹ̀ bí Dírẹ́bà bá ń gba òrùka, kí ọkọ̀ sì lọ síwájú díẹ̀ sí i kí àwọn lè rí ìrù rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé wá bá mi.

"Mísì Ràbí, fa sígínà yẹn wálẹ̀."

"N kò lè fà á, sà. Akẹ́rù ń bọ̀."

"Mo mọ̀ pé akẹ́rù ń bọ̀. Àwòrán la ń yà. Ọkọ̀ kò lọ síbì kankan."

"Bí ọkọ̀ kò bá lọ síbì kankan, sà, kí ló dé tí sígínà yóò fi sọ fún un pé kó máa lọ?"

Onírùngbọ̀n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ya èyí! Ó dùn ju tòwúrọ̀ lọ." Mo rí i bí ojú Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣe yí padà. Kì í ṣe pé mo jiyàn ló dùn ún. Pé mo jiyàn níṣojú àlejò ni.

"Jáde. Lọ dúró láàárín àwọn èrò."

Mo wo Ọ̀gá Làmídì. Ohun tí mo ń retí kò ju pé kó sọ gbólóhùn kan. Ó wí i lóòótọ́.

"Jáde, Ràbí. Má dá wàhálà sílẹ̀."

Mo jáde. Ìnsípẹ́kítọ̀ fa irin náà fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ gbé òrùka. Ọ̀gá Làmídì dúró tì í. Èmi wà lọ́ọ̀ọ́kán láàárín àwọn tó ń ju ọwọ́ sí kámẹ́rà. Gàníyù rọra ń bọ̀, ó gba òrùka. Mo rí ẹnu Ìnsípẹ́kítọ̀ tó ń mì, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ńjìnì kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó wí. Gàníyù fọn fèrè ọkọ̀. Ó dé ìdí òpó, kò dúró. Ìrù ọkọ̀ kọjá lójú wa, kò dúró.

Ọ̀gá Làmídì ló kọ́kọ́ sáré. Ó gbá àsíá pupa mú, ó ń fì í, ó ń sáré lórí òkúta, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń ké, "Gàníyù! Gàníyù!" Onírùngbọ̀n rò pé ó wà lára eré. Ó ń pàtẹ́wọ́. "Ó dára! Ó dára, Bàbá! Ẹ máa yà á!"

Ọkọ̀ náà wọ ibi tí ojú irin ti ṣẹ́ kọ́rọ́, igbó sì bò ó. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ. N kò ní ṣàpèjúwe ìró yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ akẹ́rù bẹ́ sílẹ̀, ó yè. Àwọn èrò ṣẹ́ lápá, wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Gàníyù nìkan ló kú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bíréèkì. Òrùka náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò tíì tú àpò awọ rẹ̀.

Ẹ ó ní, ṣebí ó yẹ kó tú u, kó kà á, kó rí i pé ti ọ̀nà ẹ̀yìn ni. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá ló ti gbà á, sígínà sì wálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ta ni í tú ohun tí ọ̀gá fà lé e lọ́wọ́ wò níṣojú ọ̀gá? Pé o pè é ní onírọ́ nìyẹn. Èmi tí mo jiyàn, wọ́n lé mi síta. Ẹni tí kò jiyàn ló kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní òun sọ fún Gàníyù pé kó dúró nídìí òpó bó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú nítorí kámẹ́rà. Ó di tèmi. Mo sọ bí wọ́n ti gba tókìn lọ́wọ́ ọ̀gá mi àti bí wọ́n ti lé mi jáde.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún awakọ̀?"

"N kò gbọ́, sà. Mo rí ẹnu wọn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ fi áńkáṣíìfù nu ẹnu. "Ó ń bínú pé kámẹ́rà kò ya òun ni, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òkú.

Wọ́n gbé àwòrán náà jáde, wọ́n wò ó. Ọwọ́ ń na òrùka, ọwọ́ ń gbà á, ẹ̀ńjìnì ń bú. Kámẹ́rà kò lè sọ ohun tó wà nínú àpò, kò sì gbọ́ ohun tó ti ẹnu jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró níbi tó ti lè gbọ́ ọ. Wọ́n bi í.

"Ẹ̀ńjìnì ń pariwo, sà," ni Ọ̀gá Làmídì wí. "N kò gbọ́ ọ dáadáa."

Ọkùnrin tó máa ń gbọ́ aago ẹ̀rọ láti ìpẹ̀kun pápá! Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda tókìn tó yẹ kó dá padà. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mo mọ iye ẹnu tó ń bọ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń dùn mí síbẹ̀. Òkú kì í bá ẹni jiyàn: wọ́n kọ ọ́ pé awakọ̀ lọ láìgba àṣẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún Ìnsípẹ́kítọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi gbé e ga.

Ilé tẹlifíṣàn náà gé jàǹbá kúrò, wọ́n sì gbé ìyókù jáde. Ní Bẹẹrẹ, wọ́n kóra jọ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan tó ní tẹlifíṣàn. Èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n rí Gàníyù tó na apá, tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀wù funfun. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn mi. "Ẹ wo eyín! Afẹ́ ló pa á, ó sì fẹ́ kó àwọn èèyàn dání." Láti ọjọ́ náà, "Gàníyù Tẹlifíṣàn" ló di orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá jáde lọ pọnmi, àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò máa ké pé, "Ọmọ Tẹlifíṣàn, ẹ yà fún wọn, wọn kì í dúró o!" Obìnrin kan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ náà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn, ó ṣépè títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì.

Ní tèmi, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí n kò ti ní rí ọkọ̀ tó ń lọ. Ibẹ̀ ni mo wà fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fi padà gbé mi wá sí ìdí ojú irin, ẹ̀rọ pupa ti bàjẹ́, kò sí ẹni tó ní ẹ̀yà rẹ̀ tí yóò fi tún un ṣe. Tẹlifóònù la ń fi bèèrè ọ̀nà, ìwé pélébé la ń kọ fún awakọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gé wáyà tẹlifóònù lọ. Ọkọ̀ wá ń dín, koríko ń hù láàárín irin, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀. Wọ́n fún mi ní fìlà nígbà tí orí ti bọ́. Mo dé e títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìdáhùn mi nìyí, ọmọ mi. Ẹwà iṣẹ́ rélùwéè ni kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ṣe é dáadáa, kò sí ohun tí o ó rí yà ju obìnrin kan tó dúró nídìí irin, tó ń kọ̀ fún ènìyàn. Bí o bá lè ní sùúrù láti wo ìyẹn láìsọ pé kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe, máa bọ̀. Àwọn tó ń ṣe é yẹ ní wíwò, mo fẹ́ràn wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n ojú ayé wúwo. Bí ó bá ti wà lára ènìyàn, ó ṣòro fún un láti sọ pé rárá. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè bóyá ọ̀gá yín le. Ẹ bèèrè bóyá líle rẹ̀ tó dé iwájú ọ̀gá tirẹ̀.

Mo ti sáré kọjá ohun kan. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn ẹbí Gàníyù ṣe àdúà fún un ní Bẹ́yẹrúnkà. Èrò kò pọ̀. Àwọn àfáà ti parí nígbà tí Ọ̀gá Làmídì wọlé. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo yí ojú sí ògiri. Ó lọ tààrà síwájú ìyá Gàníyù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbàlagbà ọkùnrin.

"Ìyá, mo gbọ́ ohun tí Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún ọmọ yín. Ó ní, 'Ó yá, Dírẹ́bà, máa lọ.' Kò sọ pé kó dúró."

Ìyá náà gbé tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ wà níbẹ̀?" ni ìyá náà bi í.

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá."

"Wọ́n bi ọ́, o ní o kò gbọ́?"

"Mo ní n kò gbọ́."

Ìyàwó Gàníyù bú sẹ́kún. Ìyá Gàníyù kò sunkún. Ó ń wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà bí ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n gbé wá tà fún un.

"Kí lo wá sọ fún mi ṣe? Èmi tí mo bí i, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Dìde. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wà níta."

Ó dìde. Ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó sì jáde. Mo rò pé ilé rẹ̀ ló ń lọ, mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà láti rí i dájú. Ó dúró lọ́dọ̀ aṣebàtà tó wà níwájú agboolé, ó kí i, ó ní, "Èmi ni ọ̀gá ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí Gàníyù kú. Kò jẹ̀bi. Wọ́n ní kó máa lọ ni." Ọkùnrin náà gbé òlù dání. Ọ̀gá Làmídì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata. Obìnrin náà ní láti pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Ó tún un sọ. Ó wọ ilé obìnrin tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń bá a lọ láti ojúlé dé ojúlé, láti ìsàlẹ̀ Màpó títí a fi wọ Ọjà'ba. Àwọn kan ń yọ ṣùtì. "Bàbá, ẹ kò ti sọ ọ́ nígbà tó gbóná?" Ó kàn ń sọ gbólóhùn mẹ́ta yẹn, ó sì ń kọjá síwájú.

Èmi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. N kò tíì dárí jì í, n kò sì mọ̀ bóyá mo dárí jì í títí ó fi kú.

Nígbà tí a dé ìsọ̀ àwọn aláta níbi tí ìyàwó Gàníyù ti ń tajà, ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti há, kò jáde mọ́. Àwọn obìnrin ń wò ó. Ó tún gbìyànjú.

Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo sì bá a sọ ìyókù.